Ǹjẹ́ Èkó Burú fún Àlejò Tó Bí Wọ́n Ti Ń Wí?

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a fẹ́ràn tí a sì ń bẹ̀rù pọ̀ bí Èkó. Ọmọ tí ó bá ń ti Ìlá tàbí Ìkàrẹ́ lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, àdúrà tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbà lé e lórí kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń lọ sí ojú ogun. Wọn a ní kí ó má dá ẹnikẹ́ni tí ó bá kí i lóhùn, kí ó má jẹ oúnjẹ ọwọ́ àjèjì, kí ó má sùn nínú ọkọ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan òun léjìká. Àwọn kan a tilẹ̀ fi kún un pé bí ó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ní ibùdókọ̀, kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sórí ìkìlọ̀ nìkan, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Èkó ti ń ba nǹkan jẹ́ nínú ilé wa. Mo mọ ìyá kan ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin bí ọmọ mẹ́ta sí Èkó tí ìyá náà kò sì fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí. Ẹni tí ó yẹ kí ó wẹ ìkókó, kí ó fi omi gbígbóná tẹ ìkùn fún ìyá ọmọ, kí ó sì jókòó síbẹ̀ di ọjọ́ ogójì, ilé ni ó jókòó sí tí ń gbàdúrà. Àwọn ọmọ tiwa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: òmíràn a fi owó òkú òbí rẹ̀ ránṣẹ́, kò ní yọjú, nítorí pé Èkó ni ọkọ̀ òfurufú yóò jà á sí. Nígbà tí ẹ̀rù ìlú kan bá ti lè ya ìyá àti ọmọ báyìí, ó tọ́ kí a béèrè bóyá ẹ̀rù náà tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí orúkọ burúkú náà ti wá. Ogun abẹ́lé parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Ìbọn tí ó ṣẹ́kù nílẹ̀ kò kéré, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ bí a ti ń yìn ín tí wọn kò sì rí iṣẹ́ ṣe kò kéré pẹ̀lú. Nínú ọdún náà ni ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá gbé ohun ìjà jalè, ikú ni èrè rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní etíkun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bar Beach. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n so Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ẹni tí òkìkí olè rẹ̀ ti kàn jákèjádò, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ mọ́ òpó níbẹ̀, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì dúró wò wọ́n. Àwòrán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sí ilé. Ní tèmi, ohun tí ìjọba ṣe láti dẹ́rù ba olè, àlejò gan-an ni ó dẹ́rù bà. Olè kò dẹ́kun, ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé Èkó rí ti mọ̀ pé ìlú tí a ti ń yìnbọn pa olè létí òkun ni. Lónìí, ilé gíga ìlú tuntun tí a ń pè ní Eko Atlantic ni wọ́n ń kọ́ sí ibẹ̀, ìtàn náà kò sì tíì parẹ́.

Ìwé ìròyìn náà dá kún un. Èkó ni Daily Times ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1926, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwé ìròyìn ńláńlá tí ó tẹ̀ lé e fi ṣe ibùjókòó. Bí olè bá fọ́ ilé kan ní Ìkẹjà lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, gbogbo Nàìjíríà ti kà á. Bí irú olè kan náà bá fọ́ ilé ní ìlú kékeré kan, ó lè jẹ́ pé ọjà ìlú náà nìkan ni ìròyìn rẹ̀ yóò mọ. Ẹ rántí pé ìlú Bìní ni Lawrence Anini ti da àwọn ọlọ́pàá láàmú ní ọdún 1986, kì í ṣe Èkó. Síbẹ̀, ta ni ó ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ lónìí pé kí ó má lọ sí Bìní nítorí Anini?

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ jìbìtì tí a fi nọ́ńbà òfin rẹ̀ pè ní 419. Ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 2000, lẹ́tà irọ́ láti orílẹ̀-èdè wa rọ̀ sórí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Òyìnbó bí òjò, lójú ẹni tí ó sì gbà á, ibi yòówù kí wọ́n ti kọ ọ́, Èkó ni. Ní ọdún 1993, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de ọkọ̀ òfurufú tí ń ti ọ̀dọ̀ wọn fò tààrà wá sí Èkó, wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ara ògiri ní pápákọ̀ òfurufú wọn pé ààbò pápákọ̀ Èkó kò tó. Ọdún 1999 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ẹ wo iye àlejò tí yóò ti ka ìkìlọ̀ yẹn láàrin ọdún mẹ́fà! N kò sọ pé wọ́n purọ́ mọ́ wa. Ẹni tí ó bá gba pápákọ̀ náà kọjá ní àkókò yẹn kò lè gbàgbé bí àwọn ọmọ ìta ti ń fa ẹrù mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé a gbé ìkìlọ̀ náà kúrò lára ògiri, a kò gbé e kúrò lọ́kàn.

Ǹjẹ́ olè wà ní Èkó? Ó wà, ó sì pọ̀. Ẹni tí ó bá ní kò sí, kò fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń jà lólè? Ìbéèrè yìí ni a kì í béèrè. Obìnrin tí ń ta tòmátò tí ó jí kúrò ní Ìkòròdù ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ pàdé ọkọ̀ ẹrù ní Mile 12, tí owó ọjà sì wà nínú yẹ̀rì rẹ̀, òun ni olè ń dúró dè. Akọ̀wé tí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lábẹ́ afárá, òun ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba sé ìlú mọ́ nítorí àrùn kòrónà, àwọn ará Agége àti àwọn àdúgbò tí ó yí i ká sun táyà lójú títì, wọ́n fi igi àti àdá ṣọ́ ilé ní òru púpọ̀, nítorí ìró pé ẹgbẹ́ jàǹdùkú kan tí ń pe ara wọn ní One Million Boys ń bọ̀. Àwọn onílé àti ayálégbé ni ó ṣọ́ òru náà. Kò sí àlejò kankan láàrin wọn. Àlejò ní tirẹ̀, àwọn ẹbí a pàdé rẹ̀, wọn a fi ọkọ̀ gbé e, wọn a gbé e lọ sí òde ìnáwó, wọn a sì dá a padà. Èkó tí ó ń bẹ̀rù kọ́ ni Èkó tí ó rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí níbòmíràn. Ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn tí a ń pa nípakúpa ju 2,000 lọ lọ́dún kan ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, síbẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti lọ gun òkè Table Mountain. Àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ẹ̀yìn ìlú ni ọ̀pọ̀ ìpànìyàn náà ti ń ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò kì í sì yà síbẹ̀. Orúkọ tí Cape Town ní ni orúkọ ìlú ẹlẹ́wà. Orúkọ tí Èkó ní ni ti ìlú olè. Ìwọ̀n tí a fi wọn ọ̀kan kọ́ ni a fi wọn èkejì.

Àwọn kan yóò fẹ́ kí a fi iye han bí olè Èkó ti pọ̀ tó sí iye ènìyàn ibẹ̀. A kò lè ṣe é, nítorí pé a kò tilẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí iye ènìyàn inú rẹ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní 9,013,534 ni wọ́n, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà sílẹ̀.

Ohun tí ó tọ́ sí wa ni kí a mọ ewu tí ó wà fún àlejò gan-an, nítorí kì í ṣe èyí tí ìyá ń kìlọ̀ rẹ̀ nílé. Ìbọn kọ́. Ẹnu dídùn ni. Èyí tí ó burú jù ni ọkọ̀ tí àwọn ará Èkó ń pè ní wan ṣáǹsì. Ọkọ̀ náà a dúró ní ìrọ̀lẹ́ níbi tí èrò ti ń wá ọkọ̀ lójú méjèèjì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ a máa kígbe pé ó ku ẹnìkan. Ẹni mẹ́ta mẹ́rin a ti jókòó sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà mìíràn obìnrin a wà nínú wọn, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá wọlé tán ni ẹ óò mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Wọn a gba owó, wọn a gba fóònù, wọn a gba káàdì báǹkì pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, wọn a sì já ènìyàn sílẹ̀ níbi tí kò mọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ọkọ̀ tí èrò àti oríṣiríṣi ẹrù wà nínú rẹ̀ ní ojúmọmọ, ní gáréèjì tí ó ní olórí, kì í sábà jẹ́ irú rẹ̀. Wákàtí ìrọ̀lẹ́ àti ẹ̀bá títì ni ọjà wọn.

Àwọn gbájúẹ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Ẹnìkan a ju ìdì owó sílẹ̀ níwájú yín, ẹlòmíràn a bá yín rí i, wọn a ní kí ẹ wá pín in ní kọ̀rọ̀. Owó ọwọ́ yín ni wọ́n fẹ́ pín. Ọgbọ́n yìí ti gbó, ó sì ń mú ènìyàn síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ojúkòkòrò kò gbó. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lálẹ́ ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọkùnrin a máa já fóònù gbà lójú fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ kó wá síwájú àwọn ọmọ wa tí ó ń gbé Èkó, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn gan-an ń fi àlejò wọn lé olè lọ́wọ́. Ìyá ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin ń ti Ọ̀wọ̀ bọ̀, pẹ̀lú gààrí, elùbọ́ àti agolo epo. Ọmọ rẹ̀ a sọ fún un lórí fóònù pé, “Màmá, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Berger, ẹ wọ ọkọ̀ Ìyànà Ìpájà, bí ẹ bá débẹ̀ ẹ pè mí.” Bátìrì fóònù Màmá a ti kú ní Ṣàgámù. Ọkọ̀ a ti bàjẹ́ lọ́nà, ilẹ̀ a ti ṣú. Ta ni Màmá yóò bi léèrè ọ̀nà bí kò ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá rẹ́rìn-ín sí i? Bí nǹkan bá ṣe é, wọn a ní Èkó ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni inúure pọ̀ ní ìlú náà tí kì í sí nínú ìtàn. Ẹ rin ọjà Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà kọjá pẹ̀lú báàgì tí ó ṣí, ẹ óò gbọ́ ohùn obìnrin tí ẹ kò mọ̀ rí láti ìdí àtẹ pé, “Ìyá, báàgì yín o!” Ẹ gbé e síwájú, wọn a padà sídìí ọjà wọn, wọn kò ní dúró gba ọpẹ́. Èèyàn Èkó kì í ní àyè láti kí yín pẹ́, ẹni tí ó bá sì ti ìlú tí a ti ń kí ara ẹni fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá wá yóò rò pé ìkà ni wọ́n. Kánjú ni.

Nípa ewu ojú ọ̀nà náà, ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lé Èkó lórí. Àwọn ajínigbé tí a ń gbọ́ ìròyìn wọn láti bí ọdún mélòó kan, ọ̀nà inú igbó láàrin ìlú sí ìlú ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣọṣẹ́, títí kan ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí ènìyàn kúrò nílé ní òwúrọ̀, kí ó lè wọ Èkó kí oòrùn tó yẹ àtàrí. Bí àjálù bá ṣẹlẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ Èkó, nọ́ńbà tí a ń pè fún ìrànlọ́wọ́ ni 767 tàbí 112. Kí ẹ kọ ọ́ sí ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ yín àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀, kí ẹ fi sínú yẹ̀rì, nítorí fóònù tí ó ti kú kò lè sọ nọ́ńbà tí ó wà nínú rẹ̀. Kí owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀, kí owó yòókù wà lọ́tọ̀, kí góòlù sì dúró sí ilé títí di ọjọ́ ìkómọ gan-an.

Ẹ̀yin ọkọ ìyàwó, bí ìyá bá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ fún yín, ẹ lọ pàdé wọn ní gáréèjì fúnra yín, tàbí kí ẹ rán ẹni tí wọ́n mọ̀ lójú. Bí ọjọ́ tí wọn yóò padà bá sì pé, kí ẹ sìn wọ́n lọ sí ìdí ọkọ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì mú alábàárù dání, nítorí ẹrù tí ìyá ń gbé kúrò ní Èkó a máa wúwo ju èyí tí wọ́n gbé wọ̀ ọ́ lọ.