Bí Ẹ Ó Ṣe Ya Fọ́tò Ẹyẹ Kí Ojú Rẹ̀ Lè Hàn Kedere

Bóyá ọmọ yín kan ti gbé fọ́tò wá rí, tí ó ní, "Màmá, ẹ wá wo ẹyẹ tí mo yà," tí ẹ wò ó títí tí ẹ kò rí ju ewé lọ. Ẹ má bá a wí. Ó ti ṣe èmi náà rí ní Ifo. Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé tí mo wọ̀ sí, ẹ̀gà ń hun ìtẹ́ lórí rẹ̀, ariwo wọn gba àdúgbò kan. Mo ya fọ́tò 40. Imọ̀ ọ̀pẹ ló hàn kedere nínú gbogbo wọn; ẹ̀gà tí mo torí rẹ̀ jókòó di ohun bàìbàì pupa rúsúrúsú lẹ́yìn imọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ. Ẹyẹ kan wà ní ìran ẹ̀gà, dúdú àti pupa, tí a kì í rí níbòmíràn láyé àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà wa yìí. J. H. Elgood kọ nípa rẹ̀ ní 1958, ó sì fi Ìbàdàn sọ ọ́ lórúkọ: Malimbus ibadanensis. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wà nínú ewu. Ó ní àwọn ìbátan tí ó jọ ọ́. Ibi tí pupa orí rẹ̀ dé àti ibi tí dúdú ojú rẹ̀ mọ ni a fi ń dá a mọ̀. Láti 2015 ni ètò Nigerian Bird Atlas Project ti ń gba àkọsílẹ̀ ẹyẹ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú bí èmi àti ẹ̀yin. Fọ́tò bàìbàì kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀.

Kámẹ́rà kékeré òde òní, tí awò rẹ̀ ń yọ jáde bí ọrùn ìjàpá, lágbára púpọ̀. Nikon Coolpix P900 tí ó jáde ní 2015 lè fa ohun súnmọ́ ní ìlọ́po 83. P1000 ti 2018, ìlọ́po 125. Ṣùgbọ́n ewé tí ó bá wà níwájú ni ẹ̀rọ sábà máa ń gbá mú. Nítorí náà, ẹ gba fókọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ibi tí a kọ MF sí. Àwọn kan ní òrùka lára awò tí a ń yí. Àwọn mìíràn, bọ́tìnì ẹ̀yìn kámẹ́rà ni. Ẹ kọ́kọ́ fa awò dé ibi tí ẹ fẹ́, nítorí bí ẹ bá tún fà á lẹ́yìn fókọ́ọ̀sì, ó lè bàjẹ́. Ẹ yí i títí àwòrán yóò fi mọ́, ẹ yí i kọjá díẹ̀ títí yóò fi tún ṣú, kí ẹ wá dá a padà, bí a ti í wá ohùn rédíò títí yóò fi já gaara. Àwọn kámẹ́rà kan a máa fi àwọ̀ yí etí ohun tí wọ́n bá mú ká. Ó wúlò, ṣùgbọ́n àwọ̀ náà lè wà lára ewé! Ojú ẹyẹ ni kí ẹ máa wò. Bí ojú bá mọ́, a lè forí ji ìrù.

Ní àbàtà ìhà Ibafo, ẹ wá òpó tàbí ẹ̀ka gbígbẹ tí ẹyẹ apẹja máa ń padà sí. Ẹ ṣe fókọ́ọ̀sì sí i ṣáájú, ẹ gbé kámẹ́rà lé àpò kékeré tí ẹ rọ ìrẹsì sí, kí ẹ sì ní sùúrù. Bí ẹyẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ yín má baà gbọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, ni ó dára jù. Ẹ̀yin ará Mowe mọ bí ooru ọ̀sán ti ń mú kí ọ̀nà márosẹ̀ máa mì lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sí fókọ́ọ̀sì tí ó lè wo ìyẹn sàn.

Mo padà sí ìdí ọ̀pẹ Ifo lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Fọ́tò 3 péré ni mo yà. Nínú ọ̀kan, fọ́nrán ewé tí ẹ̀gà fi ẹnu mú hàn, ojú rẹ̀ náà hàn: pupa fòò. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀gà láti kékeré, n kò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé ojú akọ rẹ̀ pupa.