Àrùn Jẹjẹrẹ: Ọ̀rọ̀ Tó Ń Tuni Lára àti Èyí Tó Ń Pani Lẹ́nu Mọ́

Yàtọ̀ sí oògùn àti iṣẹ́ abẹ, ẹni tó ní àrùn jẹjẹrẹ nílò àwọn tí yóò máa bá sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe.

Ní ọdún 1989, David Spiegel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 86 tí jẹjẹrẹ ọyàn wọn ti tàn ká ara. Wọ́n ní àwọn tó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba èyí gbọ́, títí di ọdún 2001 tí ìwádìí mìíràn lórí obìnrin 235 ní Kánádà fi hàn pé irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò fi kún ọjọ́ ayé. Ṣùgbọ́n ó mú kí ìbànújẹ́ àti ìrora fúyẹ́, pàápàá fún àwọn tí ọkàn wọn ti dàrú tẹ́lẹ̀. Ìtura yìí kì í ṣe ohun kékeré.

Bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá wáyé ní ìlú Bìní, èdè ni yóò kọ́kọ́ di ìṣòro. Àwọn Ẹdó, Ẹ̀sán, Ùròbò, Yorùbá àti Ígbò ló jọ ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ìlú Bìní, UBTH, tó wà ní Ugbowo. Gẹ̀ẹ́sì tàbí pijin ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn yé. Pijin ṣe é fi dápàárá, ó sì ṣe é fi gbani níyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ikú bá ń bà, èdè abínibí rẹ̀ ló sábà máa ń wá sí i lẹ́nu.

Èdè abínibí pàápàá ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ jẹjẹrẹ. “Àìsàn burúkú yẹn” ni wọ́n ń pè é. Bí ìyá kan bá ní ẹ̀rù ń ba òun pé òun lè má rí ìgbéyàwó ọmọ òun, kíá ni wọ́n á dá a lóhùn pé: “Ẹ má wí bẹ́ẹ̀, mà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.” Àdúrà rere ni, àmọ́ ó ti pa ìyá náà lẹ́nu mọ́. Nínú àwọn ìpàdé Stanford àti ti Kánádà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ikú.

Ọ̀rọ̀ “ogun” náà gba ìṣọ́ra. Elena Semino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Lancaster, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ wò. Wọ́n rí i pé àfiwé ogun a máa fún àwọn kan lágbára, a sì máa mú kí àwọn mìíràn dá ara wọn lẹ́bi bí àrùn náà bá ń pọ̀ sí i, bí ẹni pé wọn kò jà tó. Àfiwé ìrìn àjò, tí àwọn kan fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kò bá gbogbo ènìyàn mu bákan náà. Ó sàn kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yan ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tó ń ṣe é, kí àwọn tó kù sì bá a lò ó.

Bí ọkàn aláìsàn bá wúwo débi tí kò fi lè sùn tàbí jẹun, kí wọ́n sọ fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú wà fún ìyẹn náà.