Fílàṣì Tó Dití: Iṣẹ́ Ayàfọ́tò Létí Òkun Ìlàjẹ

Ìyàwó ti jókòó, ọkọ ti tún fìlà dé, ẹbí ti tò sẹ́yìn wọn lórí afárá pákó. Bọ̀dá Fọ́tò tẹ kámẹ́rà, fílàṣì orí ọ̀pá kò tàn. Ó tún un tẹ̀, kò tàn. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn ni, wọ́n á rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra tíríga mìíràn. Ní Awóyè tàbí Ayétòrò létí òkun Ìlàjẹ, ẹni tó fẹ́ lọ sọ́jà Ìgbókòdá á kọ́kọ́ wọkọ̀ ojú omi. Ayàfọ́tò etí òkun ní láti jẹ́ alátùn-únṣe ara rẹ̀.

Iṣẹ́ fọ́tò kì í ṣe ti òde ìnáwó nìkan. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí lórí fọ́tò láàrin Yorùbá, kọ ọ́ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n máa ń tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sójú ìwé kan náà, kí ó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Ní Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti kó ọ̀pọ̀ ilé lọ. Fọ́tò ìgbéyàwó tí wọ́n yà níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti di ẹ̀rí pé ilé kan wà níbẹ̀ rí.

Ká padà sórí fílàṣì tí kò tàn. Tíríga ni ohun èlò tó ń pàṣẹ fún fílàṣì pé kó tàn: èyí tó wà lórí kámẹ́rà ló ń sọ̀rọ̀, èyí tó wà lára fílàṣì ló ń gbọ́. Rédíò ni wọ́n ń lò, púpọ̀ nínú àwọn tòde òní sì wà lórí 2.4 GHz, ojú kan náà tí Wi-Fi àti Bluetooth ń gbà. Bí ìkànnì wọn kò bá dọ́gba, bátìrì tuntun kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Bọ́tìnì ìdánwò ara tíríga ni kí èèyàn kọ́kọ́ tẹ̀. Bí fílàṣì kò bá tàn, kó wo ìkànnì, gúrúùpù àti bátìrì. Ọ̀pọ̀ ìlú Ìlàjẹ ló ti wà láìsí iná ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bátìrì tí wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ gbà lágbára díẹ̀díẹ̀ lè tan iná pupa ara fílàṣì láìní agbára tó. Ṣùgbọ́n bí fílàṣì bá tàn nígbà tí a tẹ bọ́tìnì yẹn, tí kò tàn nígbà tí a tẹ kámẹ́rà, rédíò kò jẹ̀bi. Ibi tí tíríga ti wọnú orí kámẹ́rà ló yẹ ká yẹ̀ wò. Àwọn ojú irin wínníwínní wà níbẹ̀, iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun a sì máa jẹ wọ́n. Kí ayàfọ́tò pa kámẹ́rà, kó yọ bátìrì, kó fi rọ́bà tí ọmọléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ra ojú irin náà jẹ́ẹ́jẹ́, kó fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Kó má fi ẹnu fẹ́ ẹ o. Itọ́ náà omi ni.

Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ayàfọ́tò á fi kámẹ́rà sí ipò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ (silent) nítorí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á sì gbàgbé. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í bá fílàṣì ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá wà báyẹn.

Bí fílàṣì bá tàn ṣùgbọ́n tí ọ̀já dúdú gba ara àwòrán kọjá, eré aṣọ ìbòjú méjì tó ń ṣí tó ń pa dé nínú kámẹ́rà ló pọ̀ jù. Oòrùn orí omi máa ń mú kéèyàn ga ju 1/200 tàbí 1/250 ìṣẹ́jú àáyá lọ, aṣọ ìbòjú kejì á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé kí tàkọ́kọ́ tó ṣí tán.

Èyí tó bá ń tàn lẹ́ẹ̀kan, tó ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ibi tí wọ́n gbé e sí ni kí a wò. Ara èèyàn, tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, a máa gbé rédíò yìí mì. Ògiri páànù a sì máa dá a padà. Fílàṣì tó lúgọ sẹ́yìn àwọn ìyá ìyàwó kò ní gbọ́. Kí wọ́n gbé e ga kọjá orí gèlè.

Àwọn àgbà iṣẹ́ ṣì ń kó wáyà tó ń so kámẹ́rà mọ́ fílàṣì sápò. Wáyà kì í béèrè ìkànnì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ lórí afárá pákó, tí ọmọdé ń sáré lọ sáré bọ̀, ẹnì kan ní láti di ọ̀pá mú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ kan péré tó bá kọ́ wáyà, fílàṣì dómi nìyẹn, kámẹ́rà á sì fẹ́ tẹ̀ lé e.