Ìdákú Léraléra Sáfà Linux: Ọ̀nà Wíwádìí Ohun tí ó ń Fà á

Ìfáárà

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí ń sin àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ní ilé-ẹ̀kọ́. Inú rẹ̀ ni èsì ìdánwò, orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti àkọsílẹ̀ owó máa ń wà. Ohun tí a pè ní ìdákú níhìn-ín ni kí ó dédé dúró, tàbí kí ó pa ara rẹ̀ kí ó sì tún ara rẹ̀ tàn láìgba àṣẹ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a lè kà á sí àgbákò. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èsì tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gba ìwé-ẹ̀rí NCE lè bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé títan sáfà padà kì í ṣe ìwòsàn. Ẹ̀rí tí ó fi sílẹ̀ ni kí a kà.

Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Nítorí pé a kì í san owó kí a tó lò ó, ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ni ó gbà á. Bí sáfà bá dákú, Linux ni a kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Àwọn àgbà sì ní, wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀.

Kíka ẹ̀rí

Àṣẹ méjì ni ó ṣe pàtàkì. Èkíní ni last -x, tí ń fi ọjọ́ àti wákàtí tí a tan ẹ̀rọ hàn. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ náà crash níbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé a kò pa ẹ̀rọ náà bí ó ti yẹ. Èkejì ni journalctl -b -1 -e, tí ń fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí sáfà kọ sílẹ̀ kí ó tó dákú hàn. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan, inú RAM nìkan ni àkọsílẹ̀ yìí ń wà, yóò sì parẹ́ bí iná bá lọ. Kí a tètè ṣẹ̀dá àpò /var/log/journal kí ìdákú mìíràn tó dé.

Bí àkọsílẹ̀ bá já lójijì

Bí àkọsílẹ̀ bá já láìsí ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kankan, iná àti ooru ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Ní ọjọ́ 14, 15 àti 19 oṣù kẹwàá ọdún 2024, ètò iná mànàmáná Nàìjíríà wó lulẹ̀ léraléra. Kò sí bí Ìlá-Ọ̀ràngún tàbí ìlú Ìgbómìnà mìíràn ṣe lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ìdákú bá ń bá àkókò tí a ń yí láti iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀ mu, bátìrì UPS ni kí a yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán gangan ni, kí a gbá eruku inú fáànù, kí a sì fi àṣẹ sensors wo bí ẹ̀rọ ti gbóná tó. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe ohun kékeré.

Bí àkọsílẹ̀ bá sọ̀rọ̀

Bí a bá rí Out of memory, RAM ti kún, kernel sì ti pa ètò kan láti gba àyè. Èyí wọ́pọ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá rí I/O error, díìsìkì ni a ń fura sí. Kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí a tó fi smartctl yẹ̀ ẹ́ wò, torí díìsìkì tí ń kú lọ lè má dúró de àyẹ̀wò. Bí a bá rí Machine check, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni ó ń ráhùn. Kí a fi Memtest86+ yẹ RAM wò ní òru mọ́jú. Kernel panic ní tirẹ̀ kì í sábà ráyè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú díìsìkì, nítorí náà kí a ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà kí a tó pa á. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí a pààrọ̀ kernel, kí a yan ti àtijọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn.

Ohun kan lẹ́ẹ̀kan

Ẹni tí ó pààrọ̀ RAM, UPS àti kernel ní ọjọ́ kan kò ní mọ èyí tí ó wo àìsàn náà sàn. Ohun kan ni kí a yí padà, kí a sì dúró wò ó ju iye ọjọ́ tí ó máa ń wà láàárín ìdákú méjì lọ. Kí ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sáfà, tí a ó máa kọ ọjọ́, wákàtí, irú iná tí ó wà àti iṣẹ́ tí a ń ṣe sí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìdákú léraléra máa ń ní àpẹẹrẹ, àti pé àkókò àti àkọsílẹ̀ ni ó ń tú àṣírí rẹ̀. Olùkọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lè fi ìwé ẹ̀gbẹ́ sáfà yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìwádìí: kí wọ́n ṣàkíyèsí, kí wọ́n fura, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n tó dájọ́. Ṣùgbọ́n kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀dà èsì ìdánwò ti wà ní ibòmíràn.