Ogun Biafra àti Ìròyìn tí Ó Ti Geneva Wá

Nínú àwọn ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ìgbò tí wọ́n jọ ń ta rédíò àti fóònù ní ọjà Alaba, ní ilẹ̀ Ọ̀jọ́ ọmọ Àwórì, tí wọ́n sì jọ ń wọkọ̀ padà sílé ní Ìbà àti Òkokomáìkò nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, mélòó ni ó mọ̀ pé nígbà ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, tí ó sì parí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, púpọ̀ nínú ohun tí aráyé gbọ́ nípa ilẹ̀ wa, inú ọ́fíìsì kan ní Geneva, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ni ó ti jáde?

Markpress ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà. William Bernhardt, ọmọ Amẹ́ríkà, ni olórí rẹ̀. Ìjọba Biafra, apá ìlà-oòrùn tí ó fẹ́ yà kúrò lára Nàìjíríà lábẹ́ Ojukwu, ni ó háyà rẹ̀, Markpress ni ó sì ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn Yúróòpù, tí ó tún ń bá àwọn akọ̀ròyìn ṣètò ìrìn àjò wọn sí Biafra. Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ebi pa àwọn ọmọdé ní tòótọ́, ikú sì pa wọ́n lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwòrán wọn tí ìwé ìròyìn Life gbé sí iwájú ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1968 kì í ṣe ayédèrú. Orí òtítọ́ yìí ni irọ́ gùn bí ẹni gun ẹṣin. Àwọn agbẹnusọ Biafra ní ogun ẹ̀sìn ni, pé àwọn Mùsùlùmí fẹ́ pa àwọn Kìrìsìtẹ́nì run, bẹ́ẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, fúnra rẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì sì ni Ọbásanjọ́ tí ó gba ipò olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba kan lọ́wọ́ Adékúnlé ní 1969. Wọ́n sọ fún aráyé pé ìjọba àpapọ̀ dí ọ̀nà oúnjẹ, òtítọ́ sì ni. Ohun tí wọn kò tẹnu mọ́ ni pé Ojukwu pẹ̀lú kọ̀ kí oúnjẹ gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ wọlé, nítorí wọ́n ní májèlé lè wà nínú rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Iṣẹ́ ọlọ́pàá lásán ni ó kọ́kọ́ pe ogun náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967 àwọn ọmọ ogun ìjọba pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò gbé ìbọn ní Asaba, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí ìròyìn rẹ̀ tó tàn káyé. Ó dùn mí gidigidi pé ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn òkú Asaba kò sì rí ẹni ké igbe tiwọn. Nígbà tí ìjọba rí i pé orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́, ó pe àwọn olùwòye láti Bìrìtìkó, Kánádà, Póláǹdì àti Sweden, àti àwọn aṣojú Àjọ Àgbáyé àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Áfríkà, ní 1968. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé a ń pa ẹ̀yà kan run. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ti tó nìkan ni wọ́n dé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, ará Ìbà, ará Òkokomáìkò, fóònù ọwọ́ yín ti di Geneva. Bí àwòrán òkú bá dé, tí wọ́n sì ní ẹ̀yà aládùúgbò yín ni ó pa á, ẹ bèèrè ibi tí a ti yà á, ọdún tí a yà á, àti ẹni tí ń sanwó rẹ̀, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.