Ọ̀nà Tí A Ti Pa Tì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọkọ̀ ojú irin kò dé Agbówà. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn baba wa mọ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́gbọ́n lára ojú irin àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ìlú Bristol àti Bath.

Ọdún 1966 ni ó gbé èrò kẹ́yìn. Wọ́n pa á tì. Ní 1979, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Nígbà tí ó fi di 1986, ó ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, máìlì 13. Nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kì í lè pọ́n òkè gíga, ọ̀nà náà tẹ́jú. Tọmọdé tàgbà ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ láìbẹ̀rù mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Arákùnrin kan ṣubú láàárín wa. A dá a dúró nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìbáwí tọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó ti bẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà náà? A ti jẹ́ kí igbó bo ọ̀nà ilé rẹ̀.

Aísáyà 58:12 sọ̀rọ̀ àwọn tí ń tún ọ̀nà ṣe. Ẹ jẹ́ kí á lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.