AAGO OJÚ KỌ̀ǸPÚTÀ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ YORÙBÁ: BÍ A ṢE LÈ TÚN ÌWỌ̀N ÀTI ÌRÍSÍ RẸ̀ ṢE

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè Yorùbá kò mọ sí inú ìwé nìkan. Ibikíbi tí ọmọ bá ti ń ka ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó ti ń kọ́ èdè, ìbáà jẹ́ ara ògiri, ara ọkọ̀, tàbí ojú ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú irú ibẹ̀ tí a kì í sábà kà sí ni aago kékeré tí ó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ní igun ọwọ́ ọ̀tún. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé bí olùkọ́ ṣe lè tún ìwọ̀n àti ìrísí aago yìí ṣe, kí ó sì fi hàn pé ìpinnu tí a bá ṣe nípa rẹ̀ kan èdè gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Ohun tí ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju báyìí lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Òmù-Àrán, mo ń to máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jọ lórí kọ̀ǹpútà tí mo ti yí ètò ọjọ́ àti àkókò rẹ̀ sí Yorùbá. Ọmọ mi obìnrin tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ náà, ó sì kà á síta pé, "Aago mẹ́sàn-án ọ̀sán." Ó wo ojú fèrèsé, ó rí i pé ilẹ̀ ti ṣú, ó wá bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé alẹ́ ni wọ́n ń pè ní ọ̀sán nínú kọ̀ǹpútà ni?" N kò lè bá a wí. Ohun tí ẹ̀rọ kọ ni ó kà.

2. Ibi tí àṣìṣe náà ti wá

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà àti fóònù kì í dá wá orúkọ ọjọ́ àti oṣù ní èdè kọ̀ọ̀kan. Inú àkójọ kan tí à ń pè ní CLDR, tí ẹgbẹ́ Unicode Consortium ń tọ́jú, ni wọ́n ti ń mú wọn. Yorùbá wà nínú àkójọ yìí ní oríṣi méjì: ti Nàìjíríà, tí a fi àkọtọ́ tiwa kọ, àti ti Benin, níbi tí wọ́n ti ń kọ ɛ fún ẹ, ɔ fún ọ, àti sh fún ṣ. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á gbóríyìn fún ni. Orúkọ oṣù wa wà níbẹ̀ láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ̀, orúkọ ọjọ́ sì wà níbẹ̀ láti Àìkú dé Àbámẹ́ta.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ ní ibi lẹ́tà méjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ tẹ̀lé aago, AM àti PM. 'Àárọ̀' ni àkójọ náà fi dípò AM, 'Ọ̀sán' ni ó sì fi dípò PM. Ṣùgbọ́n èdè Látìnì ni lẹ́tà méjèèjì ti wá. Ante meridiem ni AM, èyí tí ó túmọ̀ sí kí oòrùn tó kan àtàrí. Post meridiem ni PM, èyí ni lẹ́yìn tí oòrùn ti kan àtàrí. Ọjọ́ pín sí méjì ọgbọọgba níbẹ̀: wákàtí 12 níhìn-ín, wákàtí 12 lọ́hùn-ún.

Yorùbá kì í pín ọjọ́ báyẹn. Ìmọ́lẹ̀ àti ohun tí ènìyàn ń ṣe lásìkò náà ni a fi ń pín in. Bí a bá fẹ́ fi aago wọ̀n ọ́n, a ó rí ohun tí ó jọ èyí:

òru: láti nǹkan bí aago 12 sí aago 4
ìdájí: láti aago 4 sí aago 6
àárọ̀ tàbí òwúrọ̀: láti aago 6 sí aago 12
ọ̀sán: láti aago 12 sí aago 4
ìrọ̀lẹ́: láti aago 4 sí aago 7
alẹ́: láti aago 7 sí aago 12

Ààlà àárín wọn kò le bí irin. Ohun tí ẹnìkan ń pè ní ìrọ̀lẹ́, ẹlòmíràn lè ti máa kí ni 'ẹ kú alẹ́' níbẹ̀. Kókó tí a fẹ́ fà yọ ni pé ìpín mẹ́fà ni a kà yìí, àyè méjì péré ni AM àti PM sì ní. Bí a bá ní kí á pa 'Ọ̀sán' tì, kí á fi 'Alẹ́' rọ́pò rẹ̀, aago kan tí àwọn ọmọ ń jáde lọ jẹun yóò di 'aago kan alẹ́'. Bí a ṣe ń dí ihò kan ni òmíràn ń là. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mìíràn tí a bá wá kò lè tún un ṣe. Ìrísí aago náà fúnra rẹ̀ ni kí á tún ṣe.

3. Bí a ṣe ń tún ìrísí aago ṣe

Windows ni ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí mo ń bá pàdé ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè wa, nítorí náà òun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Lórí Windows 10 àti Windows 11, ọ̀nà tí ó yá jù nìyí:

(i) Tẹ bọ́tìnì tí ó ní àmì fèrèsé pa pọ̀ mọ́ lẹ́tà R. Àpótí kékeré kan yóò yọ. Kọ intl.cpl sínú rẹ̀, kí o sì tẹ Enter.
(ii) Ní abẹ́ 'Formats', yan 'Yoruba (Nigeria)'.
(iii) Tẹ 'Additional settings', lẹ́yìn náà kí o tẹ 'Time'.
(iv) Ibi tí a kọ 'Short time' sí ni ó ń darí aago igun ìsàlẹ̀. Kọ èyí tí o bá fẹ́ síbẹ̀, kí o sì tẹ 'Apply'.

Lẹ́tà tí a ń kọ níbẹ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. h kékeré dúró fún wákàtí tí ó ń ka 1 dé 12. H ńlá dúró fún wákàtí tí ó ń ka 0 dé 23. mm dúró fún ìṣẹ́jú. tt sì ni ó ń mú AM àti PM, tàbí ọ̀rọ̀ tí ó rọ́pò wọn, jáde. Ìrísí mẹ́ta ni a lè tipa báyìí rí fún àkókò kan náà ní alẹ́:

h:mm tt yóò kọ 9:14 Ọ̀sán
HH:mm yóò kọ 21:14
h:mm yóò kọ 9:14

Ẹ̀kínní ni ó dá ọmọ mi lójú rú. Ẹ̀kejì ni mo gbà níyànjú fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, níbi tí a ti ń tọ́jú èsì ìdánwò, nítorí kò sí ẹni tí yóò ṣi 21:14 mú fún àárọ̀. Ẹ̀kẹta ni mo gbà níyànjú fún kíláàsì Yorùbá. Ẹ̀rọ sọ iye, ó sì dákẹ́. Ọmọ ni yóò wo ojú ọ̀run, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni. Ohun tí ẹ̀rọ kò kọ yìí di ìdánrawò fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ti ọjọ́, abẹ́ 'Date' ni a ó lọ. Bí a bá kọ dddd, d/M/yyyy sí ibi 'Short date', orúkọ ọjọ́ ní kíkún yóò máa hàn pẹ̀lú aago. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ rántí pé ètò tí a fi ń to máàkì pẹ̀lú lè gba ìrísí ọjọ́ yìí lò. Kí ó wò ó dáadáa kí ó tó tẹ ìwé èsì jáde.

4. Ìwọ̀n aago

Fún ẹni tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì, aago kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Fún àwa, lẹ́tà kan bí Ọ̀ ní àmì lókè, ó sì tún ní ẹyin nísàlẹ̀. Bí lẹ́tà bá kéré jù, àmì àti ẹyin á di eruku, ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn kò sì ní í mọ Ọjọ́rú yàtọ̀ sí Ọjọ́bọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè fi mú un tóbi. Lọ́nà kìíní, nínú 'Settings', abẹ́ 'System' àti 'Display', a ó rí 'Scale'. Bí a bá gbé e láti 100% sí 125% tàbí 150%, gbogbo ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ ni yóò tóbi, aago pẹ̀lú. Lọ́nà kejì, a lè mú lẹ́tà nìkan tóbi níbi 'Text size', abẹ́ 'Accessibility' lórí Windows 11. Ó lè tó 225%. Lọ́nà kẹta, bí gbogbo kíláàsì bá ní láti rí i, bí ìgbà ìdánwò, ètò tí à ń pè ní 'Clock' ní aago ìkàsẹ́yìn tí a lè fẹ̀ kún ojú ẹ̀rọ.

Àwọ̀ náà kan ìwọ̀n. Ojú ẹ̀rọ tí a tì pa máa ń kọ aago gàdàgbà ní àwọ̀ funfun sórí àwòrán. Ẹni tí ó bá fi àwòrán ère òkúta Èsìẹ́ síbẹ̀, láti ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní 1945, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣe ohun tí ó dára. Àmọ́ kí ó yan àwòrán tí òkè rẹ̀ ṣókùnkùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ aago yóò rì sínú àwọ̀ òkúta.

Láti 2023 ni a ti lè mú kí aago Windows 11 máa fi ìṣẹ́jú-àáyá hàn. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ níbẹ̀ pé èyí ń jẹ iná sí i. Níbi tí iná kì í ti í dúró, kí á fi í sílẹ̀.

5. Aago ọlọ́wọ́ àti aago onínọ́ńbà

Ní ayé Windows Vista (2007) àti Windows 7 (2009), a lè gbé aago ọlọ́wọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà, kí á yan ojú tí ó wù wá fún un, kí á sì kọ orúkọ sí i lára. Ní 2012 ni Microsoft gba àwọn ènìyàn níyànjú láti pa irú àwọn ohun kéékèèké bẹ́ẹ̀ tì nítorí ààbò. Lórí kọ̀ǹpútà Apple, a ṣì lè yan aago ọlọ́wọ́ fún igun òkè.

Mo sọ èyí nítorí pé aago ọlọ́wọ́ bá ìṣirò Yorùbá mu ju aago onínọ́ńbà lọ. Bí aago onínọ́ńbà bá kọ 7:45, ọmọ yóò kà á bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kà á, nọ́ńbà kan tẹ̀lé èkejì. Lójú aago ọlọ́wọ́, ó rí i pé ọwọ́ gígùn ti kọjá ìdajì, ó sì ń lọ bá 12. Yóò sọ pé 'aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún'. 'Ku' yìí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà kan náà ni a gbà ń ka iye: márùn-ún dín nínú ogún ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, márùn-ún dín nínú àádọ́ta sì ni márùndínláàádọ́ta. Ọmọ tí kò bá rí ọwọ́ aago rí yóò ṣòro fún láti mọ ohun tí 'ku' ń sọ. Nítorí náà, bí ojú ẹ̀rọ bá tilẹ̀ jẹ́ onínọ́ńbà, kí olùkọ́ ya aago ọlọ́wọ́ sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

6. Aago tí ó rẹwà tí ó ń purọ́

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí à ń lò jẹ́ tòkunbọ̀, aago ìlú tí wọ́n ti wá sì lè wà nínú wọn. Bí ẹ̀rọ bá ti Ìlú Ọba dé, tí a kàn yí wákàtí rẹ̀ láìyí ìlú, ní ọjọ́ Àìkú tí ó gbẹ̀yìn oṣù Ẹrẹ̀nà yóò fo wákàtí kan síwájú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Àwa kì í yí aago padà. 'West Central Africa', UTC+01:00, ni kí á yàn.

Bátìrì kékeré kan tún wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí ó wọ́pọ̀ ni CR2032, tí ó ń rántí àkókò nígbà tí kò bá sí iná. Bí ó bá kú, ẹ̀rọ lè padà sí ọjọ́ àtijọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a tẹ ìwé èsì jáde fún odidi kíláàsì kan pẹ̀lú ọjọ́ tí a kò tíì bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. A tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ ni.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé aago ojú kọ̀ǹpútà ń kọ́ ọmọ ní èdè, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni HH:mm fún ọ́fíìsì, h:mm fún kíláàsì Yorùbá, ìwọ̀n tí àmì àti ẹyin yóò fi hàn, àti aago ọlọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó kù wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa. Àkójọ CLDR ní àyè fún pípín ọjọ́ sí ju méjì lọ fún èdè tí ó bá nílò rẹ̀, ó sì ń gba àbá lọ́wọ́ àwọn tí ó gbọ́ èdè. Ó yẹ kí á fohùn ṣọ̀kan lórí òru, ìdájí, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́, kí á sì fi í ránṣẹ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí àwa tí a ni èdè kò bá sọ fún ẹ̀rọ ìgbà tí alẹ́ ń lẹ́, ọ̀sán ni yóò máa pè é fún àwọn ọmọ wa.